Ṣé ó yẹ kí a ṣì máa kọ́ àwọn ọmọ ní àwòṣe átọ́ọ̀mù tí sáyẹ́ǹsì ti kọjá?

Olùkọ́ Físíìsì, Iléṣà

Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé-ìwé gíráma kan níhìn-ín ní Iléṣà, mo sì ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí a jọ fi orí kó. Ètò-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìdánwò WAEC ní kí a kọ́ wọn ní àwòṣe átọ́ọ̀mù (ìyẹn àlàyé bí átọ́ọ̀mù, èérún tíntìntín tí ó para pọ̀ di ohun gbogbo, ṣe rí) tí Thomson gbé kalẹ̀, èyí tí Rutherford gbé kalẹ̀ àti ti Bohr, kí a tó wá kan èyí tí ó sọ pé ńṣe ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tàn ká bí ìkùukùu yí àárín átọ́ọ̀mù ká, kí a sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kù sí. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọbìnrin kan nawọ́, tí ó béèrè pé bí ó bá jẹ́ pé àwọn mẹ́ta ìṣáájú kò tọ̀nà, kí ló dé tí a kò kúkú fi wọ́n sílẹ̀, kí a kọ́ èyí tó kẹ́yìn nìkan.

Nígbà tí mo sọ ọ́ ní yàrá olùkọ́, ẹni tí ń kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì ní òótọ́ lọmọ náà sọ, pé àkókò kò tó nǹkan, pé kí a fún wọn ní èyí tó tọ̀nà kí a sì máa lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a bá fún ní èyí tó kẹ́yìn nìkan yóò gbà á gbọ́ nítorí pé olùkọ́ ló sọ ọ́, kò sì ní mọ ohun tí ó ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì débẹ̀ tipátipá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pẹ̀lú pé bí a ṣe ń kọ́ ọ káàkiri báyìí, orúkọ, ọdún àti àwòrán ni àwọn ọmọ ń há sórí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, níbo ló yẹ kí olùkọ́ dúró pẹ́ sí, níbo ló sì yẹ kí ó gbà kọjá kíákíá?

Ìyá Kẹ́mísìrì, Ilé-Ifẹ̀

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ṣì ká mi lára gan-an.

Ohun àkọ́kọ́ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn nínú ètò yẹn ni pé ọ̀dọ̀ Thomson ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ kọjá kíákíá. Democritus sọ ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn pé èérún tí kò ṣeé pín mọ́ ni ó para pọ̀ di ohun gbogbo. Aristotle tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò gbà. Kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé lé ọwọ́ kí ó fi dá ẹjọ́ náà láàrin àwọn méjèèjì. John Dalton ni ẹ kò gbọdọ̀ fò.

Olùkọ́ ni Dalton náà, ní ìlú Manchester, ìwọ̀n àwọn nǹkan ni ó sì fi ṣe ẹ̀rí. Láti nǹkan bí 1803 ni èrò rẹ̀ ti ń gbilẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1808. Ẹ wo kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn. Gíráàmù 12 kábọ́ọ̀nù máa ń gba gíráàmù 16 ọ́síjìn kí wọ́n tó di kábọ́ọ̀nù mònọ́síàìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ń pa àwọn tí wọ́n gbé e sínú ilé sùn. Gíráàmù 12 kan náà máa ń gba gíráàmù 32 kí wọ́n tó di kábọ́ọ̀nù dayọ́síàìdì tí à ń mí síta. Kò sí ẹni tí ó tíì rí i kí ó gba 20 kí ó di ohun ọ̀tọ̀, tàbí kí ó gba 27. Ìlọ́po méjì géérégé ni. Bí ó bá jẹ́ pé a lè máa pín ọ́síjìn títí láé ni, kò sí ìdí tí a kò fi ní rí 20 àti 27. Dalton ní ohun tó fà á ni pé ẹyọ ni ọ́síjìn ń wá, bí ẹyọ kan, bí ẹyọ méjì, kì í wá ní ìdajì.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú pátákó ni mo máa ń kọ àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí sí kí n tó dárúkọ átọ́ọ̀mù rárá, n óò sì ní kí àwọn ọmọ wá ìdí rẹ̀ fúnra wọn. Inú mi máa ń dùn nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí Dalton sọ ló tọ̀nà, nítorí ó gbà pé átọ́ọ̀mù háídírójìn kan àti ọ́síjìn kan ló wà nínú omi, èyí sì ba ìwọ̀n tí ó fún ọ́síjìn jẹ́. Ó di ìgbà tí Cannizzaro ti Ítálì sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ìlú Karlsruhe ní 1860 kí ohùn wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n àwọn átọ́ọ̀mù. Síbẹ̀, ọ̀nà Dalton ni gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ń po kẹ́míkà fi ń ṣírò títí di òní.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3

Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n nìkan ni Dalton rí, ṣé kò lè jẹ́ pé ọgbọ́n ìṣirò lásán ni átọ́ọ̀mù? Ta ló rí i?

Ìyá Kẹ́mísìrì, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ mi, ọlọ́run á máa fún ọ ní òye sí i. Ohun tí o béèrè yìí ni àwọn àgbà onímọ̀ bá ara wọn fà fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ernst Mach ní Austria kò gbà pé átọ́ọ̀mù wà. Wilhelm Ostwald, tí ó lókìkí nínú kẹ́mísìrì ní Jámánì, kò gbà pẹ̀lú.

Ohun tí ó wá yanjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1827. Robert Brown, onímọ̀ nípa ewéko, ń fi maikirosíkóòpù wo àwọn èérún tíntìntín tí ó ti inú àtíkè òdòdó jáde sínú omi, ó sì rí i pé wọn kò dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ń ta síhìn-ín, wọ́n ń ta sọ́hùn-ún. Ó lọ òkúta kúná, ó dà á sínú omi, òun náà ń ta, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀mí ló ń mì í. Ní 1905 Einstein ṣírò pé bí ó bá jẹ́ pé àwọn móléékù omi, ìyẹn àwọn átọ́ọ̀mù tó so pọ̀ di omi, ni ó ń kọlu èérún náà láti ìhà gbogbo, báyìí ni ó ṣe yẹ kí ó jìnnà tó sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ láàrin àkókò kan. Jean Perrin ní ilẹ̀ Faransé jókòó ti maikirosíkóòpù láti 1908, ó ń sàmì sí ibi tí èérún kọ̀ọ̀kan dé, ohun tí ó wọ̀n sì bá ìṣirò Einstein mu. Iye átọ́ọ̀mù tí ó wà nínú gíráàmù 12 kábọ́ọ̀nù tí ó sún mọ́ òótọ́ tibẹ̀ jáde, ìyẹn nǹkan bí 6 tí òdo 23 tẹ̀lé. Ostwald jẹ́wọ́ ní 1909 pé átọ́ọ̀mù wà.

Ní ti kí ènìyàn rí i, ní 1981 ni Binnig àti Rohrer ṣe ẹ̀rọ kan ní ibùdó ìwádìí IBM ní Zurich, tí ó ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ tó mú gan-an tọ ojú irin láìfara kàn án, tí ó sì ń ya bí àwọn átọ́ọ̀mù ibẹ̀ ṣe tò sílẹ̀. Ní 1989, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi to átọ́ọ̀mù xenon 35 lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà.

Ọmọ Físíìsì, Ifásitì Ifẹ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Mà, àti ẹ̀gbọ́n wa tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìwádìí ni mo ń ṣe lọ́wọ́ ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Tí ẹ bá bi mí pé níbo ni kí olùkọ́ dúró pẹ́ sí, èmi yóò ní kí ó dúró sí Manchester láàrin 1909 sí 1911, kí ó má sì yára kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yóò ṣe ya ọmọ lẹ́nu bí kò bá kọ́kọ́ gba Thomson gbọ́ dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní Cambridge, ní 1897, J. J. Thomson ń ṣiṣẹ́ lórí ìtànṣán tí ó máa ń jáde láti ẹnu irin nẹ́gétíìfù nínú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì gba iná kọjá nínú rẹ̀. Ó fi òòfà tẹ̀ ẹ́, ó fi agbára iná tẹ̀ ẹ́, láti inú bí ó ṣe tẹ̀ ni ó sì ti mọ̀ pé èérún tí ó fúyẹ́ gidigidi ju átọ́ọ̀mù háídírójìn lọ ni. Lónìí a mọ̀ pé háídírójìn wúwo jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,837. Ó pààrọ̀ irin, ó pààrọ̀ afẹ́fẹ́ inú ìgò, èérún kan náà ló ń jáde. Nítorí náà, inú gbogbo átọ́ọ̀mù ló wà; òun ni à ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Àtìgbà náà ni a ti mọ̀ pé átọ́ọ̀mù tí Dalton ní kò ṣeé pín ní ohun nínú.

Ìṣòro tó kù ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní iná nẹ́gétíìfù, átọ́ọ̀mù lódindi kò sì ní iná kankan, nítorí náà ohun pọ́sítíìfù kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ó pa á rẹ́. Kò tíì sí ẹni tí ó mọ bí ohun pọ́sítíìfù náà ṣe rí. Ní 1904 Thomson gbà pé ó kún gbogbo inú átọ́ọ̀mù dọ́gbadọ́gba, pé inú rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tò sí. Ọgbọ́n ńlá ni lójú ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, kò sì yẹ kí a máa kọ́ ọmọ kankan pé èrò òmùgọ̀ ni.

Ernest Rutherford, ọmọ New Zealand, wà ní Manchester. Hans Geiger láti Jámánì àti Ernest Marsden, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún, ń bá a ṣiṣẹ́. Èérún álífà, tí ó ní iná pọ́sítíìfù, tí ń jáde láti ara rédíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń ta lu àwọn ewé irin tín-ín-rín, wúrà wà lára wọn. Lẹ́yìn irin náà ni wọ́n gbé pátákó kékeré kan sí tí wọ́n fi síńkì sọ́fáìdì kùn: bí èérún álífà kan bá bà á, yóò tàn fìrì lójú ibi tí ó bà. Ènìyàn kò lè rí ìmọ́lẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ bí ojú rẹ̀ kò bá tíì mọ́ òkùnkùn lára, nítorí náà inú yàrá tó ṣókùnkùn ni wọ́n ti ń jókòó títí ojú wọn yóò fi là, kí wọ́n tó gbé ojú lé ẹnu maikirosíkóòpù, kí wọ́n sì máa ka ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ti Thomson bá tọ̀nà, kò sí ibì kan nínú átọ́ọ̀mù tí agbára iná ti pọ̀ tó láti ṣe ohunkóhun fún èérún álífà tó ń sáré bẹ́ẹ̀ ju kí ó yẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló sì kọjá bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Rutherford ní kí Marsden wò ó bóyá èyí tó ń padà sẹ́yìn wà. Ó wà. Nínú nǹkan bí 8,000, ọ̀kan ń padà. Rutherford kò rí ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1911, pé gbogbo iná pọ́sítíìfù átọ́ọ̀mù àti ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló kó jọ sí ojú kan ṣoṣo ní àárín, ibi tí à ń pè ní núkílíọ́ọ̀sì. Bí núkílíọ́ọ̀sì wúrà bá tóbi tó ẹyọ ẹ̀wà kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, átọ́ọ̀mù náà yóò fẹ̀ tó nǹkan bí 200 mítà.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé wa kì í sọ, tí ó sì dùn mí. Nagaoka ní ilẹ̀ Japan ti sọ ní 1904 pé ohun ńlá kan wà láàrin átọ́ọ̀mù tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí po. Ohun tí Rutherford fi kọjá tirẹ̀ ni ìṣirò tí ó ṣeé dán wò: ó sọ iye èérún tí ó gbọ́dọ̀ yà sí igun kọ̀ọ̀kan, Geiger àti Marsden padà sínú òkùnkùn wọn, wọ́n ka èérún ní igun lẹ́yìn igun, ní 1913 sì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó bá a mu.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà, Iléṣà

Ẹ ṣeun, ọ̀dọ́mọkùnrin. Èmi kò lọ sí ifásitì, ṣùgbọ́n mo ti ń lu wúrà láti kékeré, a sì mọ̀ ọ́n ní àgbègbè wa níbí, nítorí wọ́n ń wà á ní Ìtagunmodì àti ní Ìperindó. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ó fi jẹ́ wúrà. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé kò sí irin mìíràn tí ènìyàn lè lù tó bẹ́ẹ̀ kí ó má fàya. Bàbà yóò le mọ́ ọ lọ́wọ́, wàá máa dá a padà sínú iná lemọ́lemọ́ kí ó lè rọ̀. Wúrà gidi máa ń fara balẹ̀ fún òòlù. Ṣé nítorí bẹ́ẹ̀ ni?

Ọmọ Físíìsì, Ifásitì Ifẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ ti sọ ìdí tó ṣe pàtàkì jù lọ. Ewé wúrà tí Rutherford fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìṣirò rẹ̀ kò nípọn ju 0.00004 sẹ̀ǹtímítà lọ, síbẹ̀ ó ju ẹgbẹ̀rún kan átọ́ọ̀mù lọ ní ìnípọn. Bí ó bá nípọn jù, èérún álífà kan yóò kọlu átọ́ọ̀mù púpọ̀ kí ó tó jáde, a kò sì ní mọ èyí tí ó yí i padà. Ìdí kejì ni pé núkílíọ́ọ̀sì wúrà wúwo, iná inú rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po 79 ti háídírójìn. Wọ́n dán alumíníọ́ọ̀mù, irin, bàbà, fàdákà, páánù, plátínọ́ọ̀mù àti òjé náà wò ní 1909, bí átọ́ọ̀mù bá sì ṣe wúwo sí i ni iye èérún tí ń padà ṣe ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ìdí tí mo fi ní kí ẹ dúró pẹ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ìtàn fún wa ní Ifẹ̀. Ní Ibùdó Ìwádìí àti Ìdàgbàsókè Agbára tí ó wà nínú ọgbà ifásitì wa, ẹ̀rọ Pelletron kan wà tí ó ń lo iná 1,700,000 fóòtì láti fi sáré èérún, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí à ń fi í ṣe sì ni kí a ta hílíọ́ọ̀mù lu ohun tí a fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí a sì wọn agbára èyí tó padà. Èérún álífà náà kò ju núkílíọ́ọ̀sì hílíọ́ọ̀mù lọ. Bí ó bá kọlu wúrà lójúkojú, yóò padà pẹ̀lú nǹkan bí 92 nínú 100 agbára tí ó gbé lọ. Bí ó bá jẹ́ sílíkọ́ọ̀nù ló kọlù, 56 ni yóò kù. Bí ó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, 25. Agbára tí ó bá gbé padà ni a ó fi mọ ohun tí ó kọlù. Nínú òkùnkùn Manchester ni ọ̀nà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ Rutherford ni wọ́n sì fi ń pè é di òní.

Oníkẹ́mísìrì, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ gbè sẹ́yìn olùkọ́ kẹ́mísìrì tí wọ́n mẹ́nu bà lókè. N kò bá Dalton tàbí Rutherford jà. Bohr ni mo fẹ́ kí a yọ kúrò. Àwòrán rẹ̀, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí po lójú ọ̀nà rìbìtì rìbìtì, máa ń wọ àwọn ọmọ lórí débi pé bí wọ́n bá dé ifásitì tí a ní kí wọ́n ronú nípa ìsopọ̀ átọ́ọ̀mù, tí a ní kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí igun inú móléékù omi fi jẹ́ nǹkan bí 104.5 dígírì, wọn kò rí ohun tí wọ́n lè dì mú. Ọ̀nà rìbìtì kò lè ṣàlàyé igun yẹn láéláé. Àkókò tí à ń lò láti kọ́ ọ, a tún ń lo ìlọ́po rẹ̀ láti tú u ká.

Ọmọ Físíìsì, Ifásitì Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ sọ nípa omi tọ̀nà pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí Rutherford bá ọ̀rọ̀ dé. Òfin iná mànàmáná tí wọ́n mọ̀ nígbà náà sọ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó bá ń yí po gbọ́dọ̀ máa sọ agbára nù gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀, yóò sì ká wọnú núkílíọ́ọ̀sì kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Bí àwòṣe Rutherford bá tọ̀nà láìkù síbì kan, kò yẹ kí ayé wà. Ọ̀rọ̀ tí Niels Bohr ti Denmark, tí ó ti lo oṣù díẹ̀ ní Manchester ní 1912, kojú ní 1913 nìyẹn.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ háídírójìn. Bí a bá gba iná kọjá nínú háídírójìn, àwọ̀ rẹ̀ kì í jáde bí òṣùmàrè tó so kọ́ra. Ìlà díẹ̀ ni, pupa kan tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 656 nánómítà, aláwọ̀ omi aró kan ní 486, àti àwọn méjì mìíràn tí ojú lè rí. Balmer, olùkọ́ kan ní Switzerland, ti rí ìṣirò tí ó kó gbogbo wọn pọ̀ láti 1885, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀. Bohr ní ipò kan pàtó nìkan ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè wà. Agbára tí ó so ó mọ́ ipò kìn-ín-ní jẹ́ 13.6 (ní òṣùwọ̀n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì), tí ti ìkejì jẹ́ 13.6 tí a fi 4 pín, tí ti ìkẹta jẹ́ 13.6 tí a fi 9 pín. Bí ó bá já láti ipò 3 sí ipò 2, ohun tó kù lẹ́yìn tí a bá yọ 1.51 kúrò nínú 3.40 ni 1.89, bí a bá fi 1.89 pín 1,240, ìyẹn nọ́ńbà tí ń sọ agbára náà di gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ní nánómítà, ohun tí a óò rí ni 656. Ìlà pupa yẹn gan-an nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3

Mo ti ṣe ti ipò 4 sí ipò 2, sà. 13.6 tí a fi 16 pín jẹ́ 0.85. Mo yọ ọ́ nínú 3.40, ó ku 2.55. Mo fi pín 1,240, ó jẹ́ 486. Òun nìyẹn! Kò sí ẹni tí ó ti jẹ́ kí n ṣe é báyìí rí.

Oníkẹ́mísìrì, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà

Ó dára, mo gbà pé ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé gíráma lè fi ìwé kan àti bírò kan ṣe, tí ó sì bá ohun tí ojú rí mu, kì í ṣe ohun tí a lè jù nù. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tẹ̀ síwájú kí ó sọ ibi tí ó já sí lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má di ọ̀sẹ̀ kejì. Kí wọ́n bu iyọ̀ díẹ̀ sójú iná gáàsì: iná náà yóò di pupa rúsúrúsú lọ́gán, nítorí sódíọ́ọ̀mù inú iyọ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 589 nánómítà. Kí wọ́n wá ní kí àwọn ọmọ fi ìṣirò Bohr wá 589. Wọn kò ní rí i. Kò ṣiṣẹ́ fún sódíọ́ọ̀mù, kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ fún hílíọ́ọ̀mù tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ju méjì lọ.

Ìyá Kẹ́mísìrì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ yín ti ń bọ̀ sójú kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Henry Moseley kún un, nítorí kò yẹ kí a gbàgbé rẹ̀. Ní 1913 ó wọn ìtànṣán X tí ń jáde láti ara àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, ìyẹn oríṣi átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé wọ́n tò tẹ̀léra bí ẹni ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ó sì mọ̀ pé iye iná pọ́sítíìfù inú núkílíọ́ọ̀sì ni nọ́ńbà tí ń fún ẹ́límẹ́ǹtì ní ipò rẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Ọta pa á ní Gallipoli ní 1915, ọmọ ọdún 27 ni. Ìbànújẹ́ ńlá ni fún sáyẹ́ǹsì, ó sì ń dun èmi náà nígbàkígbà tí mo bá kọ́ ọ.

Ọ̀nà tí ó là ni a fi ń mọ ẹ́límẹ́ǹtì inú ohunkóhun láìfọ́ ọ. Nípa ṣíṣe àyẹ̀wò ẹ́límẹ́ǹtì ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi mọ̀ pé gíláàsì tí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀ wa níbí, ní kálísíọ́ọ̀mù àti alumíníọ́ọ̀mù púpọ̀ lọ́nà tí ti ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti Yúróòpù kò ní, tí wọ́n fi gbà pé àwọn baba wa ni wọ́n ṣe gíláàsì náà fúnra wọn.

Olùkọ́ Físíìsì, Iléṣà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó wá ku ìkùukùu. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún wọn ni pé ní 1924 Louis de Broglie ní ilẹ̀ Faransé dábàá pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ìwà ìgbì, àti pé ní 1927 Davisson àti Germer ní Amẹ́ríkà ta á lu níkẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rí i tí ó ṣe bí ìgbì lóòótọ́. G. P. Thomson náà rí i ní Scotland lọ́dún kan náà. Ọmọ J. J. Thomson ni. Baba gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, iṣẹ́ tó fi hàn pé èérún ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì wà lára ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ọmọ pín tirẹ̀ ní 1937 nítorí pé ó fi hàn pé ìgbì ni. Àwọn ọmọ kì í gbàgbé èyí. Nǹkan tí mo máa ń sáré kọjá ni Schrödinger, nítorí ìṣirò rẹ̀ ju agbára wọn lọ.

Ọmọ Físíìsì, Ifásitì Ifẹ̀

Ẹ fi ìṣirò náà sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ sọ èsì rẹ̀. Ní 1926 Schrödinger gbé ìṣirò ìgbì náà kalẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà Max Born sọ pé ohun tí ìgbì náà ń sọ fún wa ni bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí a bá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ibi kan tàbí ibòmíràn. Bí a bá wá béèrè pé ní háídírójìn, báwo ni ibi tí ó ṣeé ṣe jù lọ kí a ti bá a ṣe jìnnà tó sí núkílíọ́ọ̀sì, ìdáhùn rẹ̀ ni 0.053 nánómítà. Òun gan-an ni Bohr ní ọ̀nà rìbìtì àkọ́kọ́ jìnnà tó ní 1913. Ọ̀nà náà ti lọ, nọ́ńbà náà ṣì wà. Àwọn ìrísí tí ìkùukùu náà ní, tí kì í ṣe rìbìtì gbogbo wọn, ni wọ́n sì fún Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ní igun inú omi tí wọ́n ń béèrè.

Nútírọ́ọ̀nù, èérún inú núkílíọ́ọ̀sì tí kò ní iná, tí James Chadwick rí ní 1932, ẹ lè fi ìpínrọ̀ kan sọ ọ́. Bí àkókò bá wà, ẹ fi kún un pé ní 1968, ní Stanford ní Amẹ́ríkà, wọ́n ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu pírótọ́ọ̀nù (èérún pọ́sítíìfù inú núkílíọ́ọ̀sì), èyí tí ó yà sí igun ńlá pọ̀ ju bí wọ́n ti retí lọ, bí wọ́n sì ṣe mọ̀ nìyẹn pé pírótọ́ọ̀nù náà ní ohun líle nínú, èyí tí à ń pè ní kúáàkì. Ọgbọ́n Marsden ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3

Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìbéèrè mi tó kù nìyí. Bohr ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í já wọnú núkílíọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ó ti sọ ìdí rẹ̀. Ṣé ìkùukùu sọ ìdí rẹ̀?

Ọmọ Físíìsì, Ifásitì Ifẹ̀

Ó sọ ọ́, àbúrò, o sì ti fi ọwọ́ ba ibi tí Bohr kù sí gan-an: ó pa á láṣẹ ni, kò ṣàlàyé rẹ̀. Werner Heisenberg fi hàn ní 1927 pé bí a bá ṣe há èérún mọ́ ibi tó kéré tó ni eré rẹ̀ kò ṣe ní lè dúró sójú kan tó. Nítorí náà, bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá fẹ́ sún mọ́ núkílíọ́ọ̀sì kí ó lè jèrè nínú bí iná pọ́sítíìfù ṣe ń fà á, ńṣe ni ìgbì rẹ̀ yóò fún pọ̀, agbára eré rẹ̀ yóò sì máa ga sókè, yóò sì ga ju èrè náà lọ bí ó bá wọlé jù. Bí ó bá sì jìnnà jù, èrè náà yóò dínkù. Ibì kan wà láàrin tí àpapọ̀ àwọn méjèèjì ti kéré jù lọ, kò sì sí ibi tí ó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ tí ó lè já sí. Ṣírò rẹ̀ fún háídírójìn, 0.053 nánómítà ni wàá bá, pẹ̀lú 13.6 tí o fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan.